Ta Ló Ń Gbé Aago Ọ́fíìsì?

Bí ará oko kan lágbègbè Ìrókò, lẹ́yìn odi Ìbàdàn, bá ní ọ̀rọ̀ bá ọ́fíìsì ìjọba sọ, tí kò sì fẹ́ wọ mọ́tò, kì í béèrè nọ́ńbà ọ́fíìsì. Ẹni tó mọ ẹni níbẹ̀ ló ń wá. Wọ́n á júwe ẹnìkan fún un nídìí ọjà, onítọ̀hún á yọ fóònù lápò, á ka nọ́ńbà mẹ́ta jáde: ti “Bọ̀dá Ilẹ̀”, ti “Àǹtí Ìlera”, ti “Ọ̀gá Ọjà”. Èkíní kò wọlé. Èkejì wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e ní wọ́n ti gbé òun kúrò níbẹ̀ láti èṣí. Ẹ̀kẹta ń wọlé, ó ń wọlé, wọn ò gbé e. Bílẹ̀ bá mọ́, ará oko náà á wẹ̀, á wọ mọ́tò, á fi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìbéèrè tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ́fíìsì kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé ìfowópamọ́ kéékèèké tó wà káàkiri ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹlòmíràn tilẹ̀ ní méjì. Aago tó jẹ́ ti ọ́fíìsì gan-an, tí ẹnìkan jókòó tì, tó mọ̀ pé bó bá dún, iṣẹ́ òun ni láti gbé e, ìyẹn ló ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ kan ti kú láàárín wa tí a kò ṣe òkú rẹ̀: iṣẹ́ alákòóso tẹlifóònù ọ́fíìsì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní ọpirétọ̀ nígbà tí waya ṣì ń gbé ohùn.

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba kí NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, tó wọlẹ̀ kò ní gbàgbé yàrá kékeré yẹn. Ẹ̀gbẹ́ àbáwọlé ló sábà máa ń wà. Bọ́ọ̀dù oníhò wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, okùn olórí irin ni wọ́n fi ń so ihò kan mọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀dù oníbọ́tìnì dé, tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Ọpirétọ̀ á gbé ẹ̀rọ agbọ́hùn sétí, bíírò á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ńlá tí wọ́n fi rúlà là á ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìpè kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, yóò kọ ọ́: ọjọ́, aago, ẹni tó ní kó bá òun pè é, nọ́ńbà, iye ìṣẹ́jú. Àmọ́ ohun tó mọ̀ ju ohun tó kọ lọ. Ó mọ ẹni tó lọ lífù, ó mọ ẹni tó kó lọ sí yàrá mìíràn lánàá, ó mọ ohùn ìyá ọ̀gá. Ó mọ ìpè tó lè dúró àti èyí tí kò gbọdọ̀ dúró.

Ìtàn tẹlifóònù nílẹ̀ wa kò gbọdọ̀ fà wá sẹ́yìn púpọ̀. Okùn abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní 1886. Nígbà tó fi máa di 1893, tẹlifóònù ti wà láwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, láìnì 18,724 péré ló wà fún orílẹ̀-èdè tó ní bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn. NITEL dé ní 1985, GSM dé ní Oṣù Kẹjọ 2001. Àìtó ni gbogbo òǹkà yìí ń sọ. Láìnì méjì tàbí mẹ́ta ni ọ́fíìsì tó kún fún òṣìṣẹ́ máa ń pín lò, nítorí náà ó di dandan kí ẹnìkan máa pín in. Nígbà tí GSM wá mú kí láìnì pọ̀ bí eṣú, a rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń pín in ti tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pínpín láìnì ló kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Oníbodè ọ́fíìsì ni ọpirétọ̀. Ìlú olódi ni Ìbàdàn nígbà kan, ẹnu bodè sì ní olùṣọ́ tó ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tó mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ìlú tó bá fẹ́ ṣọ́ ara rẹ̀ kò lè ṣe kó má ní oníbodè. Ìlú tó bá sì fẹ́ kí ọjà òun kún, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ oníbodè náà. Ibí gan-an ni àríyànjiyàn tó jinlẹ̀ jù nípa tẹlifóònù ọ́fíìsì wà, kì í ṣe nídìí waya: ǹjẹ́ ó yẹ kí èèyàn kan jókòó sáàárín ẹni tó ń pè àti ẹni tí wọ́n ń pè?

Àwọn ẹlòmíràn ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí kó tó kàn wá. Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Almon Strowger, iṣẹ́ ìsìnkú ló ń ṣe. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó fura pé ọpirétọ̀ ìlú náà ń darí ìpè àwọn ọlọ́fọ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó wá ronú ẹ̀rọ tí ẹni tó ń pè yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1891, nígbà tó sì di 1892, wọ́n gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní La Porte, ìpínlẹ̀ Indiana. Ìfura sí oníbodè wà lára ohun tó bí tẹlifóònù tí a ń fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ lónìí.

Ìfura yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà ayé ọpirétọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, tó ń fi iṣu tuntun ránṣẹ́, ìpè tirẹ̀ a máa yá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, “ọ̀gá ò sí lórí sìítì” ló máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n tún ní ọpirétọ̀ a máa fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, torí bọ́ọ̀dù náà gbà á láyè. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀, n kò sì ní gbè é sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní òfin fún ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín èèyàn méjì: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọpirétọ̀ tó dáńtọ́ a máa fi òfin yìí ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá bá fi ìbínú ní, “Sọ fún un kó má dààmú mi lónìí o,” ohun tí ẹni tó pè máa gbọ́ ni, “Ẹ má bínú sà, ọ̀gá ò ní lè dá yín lóhùn lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀.” Kò purọ́, kò sì ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́.

Lónìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń polówó fún wa dípò rẹ̀. Ẹ pe báńkì tàbí iléeṣẹ́ ńlá, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ á ní kí ẹ tẹ 1 fún èyí, kí ẹ tẹ 2 fún tọ̀hún. Àwọn tó ń tà á ní ẹ̀rọ kì í gba rìbá, kì í lọ jẹun ọ̀sán, kì í ṣe ojúsàájú. Ó dùn-ún gbọ́, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e dé Ìrókò. Ìyá àgbà kan ń yan gàrí, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì tó rà sí i kò tó nǹkan. Láti 2003 tí Glo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wa ti mọ bí owó ṣe ń jò. Ohùn inú ẹ̀rọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó ka 1 dé 5 tán, owó ti ń lọ, ìyá kò sì tíì bá ẹ̀dá alààyè kan pàdé. Kò lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi kò sí nínú márààrún.” Oníbodè tó jẹ́ èèyàn ṣeé bẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnìkan ló pinnu pé 2 ni yóò lọ sí yàrá owó-orí. Ẹnìkan ló pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn náà yóò máa sọ. Ẹnìkan ló yẹ kó yí i padà nígbà tí ẹ̀ka owó-orí bá kó lọ sí ilé kejì. Bí ẹni yẹn kò bá ní orúkọ, bí kò bá sí ibi tí a ti lè bá a ká sọ fún un pé, “2 yín kì í dún síbì kankan,” a jẹ́ pé oníbodè ṣì wà, àwa la ò rí i mọ́. Ọpirétọ̀ àtijọ́, a mọ ojú rẹ̀, a mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ṣeé bá wí.

Àríyànjiyàn kejì ni ti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè síta. Ẹ rántí àgádágodo kékeré tí wọ́n ń fi há ihò tẹlifóònù alóyìípo, kí nọ́ńbà má baà yí. Ẹni tó bá gbọ́n a máa fi ìka lu bọ́tìnì ibi tí wọ́n ń gbé ẹnu tẹlifóònù lé, kíákíákíá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún 3, lẹ́ẹ̀méje fún 7, ìpè á sì lọ bí ẹni pé kò sí àgádágodo níbẹ̀. Nígbà tí PABX, ẹ̀rọ tó ń pín ìpè láàárín ọ́fíìsì, dé, àgádágodo wọ inú ẹ̀rọ. Alákòóso ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé tẹlifóònù ọ̀gá àgbà lè pe òkè òkun, ti máníjà lè pe Èkó àti Àbújá, ti kílákì kò gbọdọ̀ kọjá inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iléeṣẹ́ kan ṣe ń wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó gba àkọsílẹ̀ yẹn, kó kà á. Ìdí tí wọ́n máa ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ ń fi tẹlifóònù ìjọba ṣe ti ara rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìpè òkè òkun ló wọ́n jù, orí tábìlì tó lè pè é sì ni àgádágodo kì í dé.

GSM tú àgádágodo yẹn, wọ́n sì pè é ní òmìnira. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìpè kúrò lọ́rùn ọ́fíìsì, ó bọ́ sọ́rùn òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn kékeré lábúlé, tó ń pe ilé ìwòsàn ńlá lóru nítorí aboyún tí ọmọ rẹ̀ dábùú, káàdì tara rẹ̀ ló ń lò. Olùkọ́ tó ń pe òbí nítorí ọmọ tí ibà mú ní kíláàsì, káàdì tara rẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó ń kìlọ̀ fáwọn àgbẹ̀ nípa kòkòrò tó wọ oko ẹ̀gẹ́, káàdì tara rẹ̀ ni. Kò sí ìwé tó kọ ìpè náà sílẹ̀, ẹni tó máa san án padà kò sí. Bí káàdì bá sì tán lóru ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ìjọba dúró lójú ọ̀nà.

Èyí tó wá burú jù ni ti nọ́ńbà. Nígbà ayé waya, tábìlì ló ni nọ́ńbà. Ọ̀gá á lọ, ọ̀gá á dé, 02 tó ń ṣíwájú nọ́ńbà Ìbàdàn àti òǹkà tó tẹ̀lé e kì í kúrò lórí tábìlì. Nọ́ńbà tí à ń lò báyìí, èèyàn ló ni ín. Láti Oṣù Kejìlá 2020 tí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo SIM mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, okùn náà tún ti fún sí i: SIM tí òṣìṣẹ́ fi NIN ara rẹ̀ gbà, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń fi ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá fẹ̀yìn tì, ó gbé ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti orúkọ àwọn aráàlú lọ sílé. Kò jí nǹkan kan. Àwa la gbé ilé ìjọba sínú àpò ṣòkòtò ẹnìkan.

Wọ́n á ní ẹgbẹ́ WhatsApp ti gba ipò aago ọ́fíìsì. N kò gbà. Ìbéèrè ará abúlé á wọlé láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìkíni ọjọ́ ìbí, àdúrà àti fídíò ti bò ó mọ́lẹ̀. Èèyàn igba ló rí i, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ dandan fún láti dáhùn. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù náà a máa ta ètò tó so nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ ibì kan pọ̀, kí wọ́n lè máa pe ara wọn lówó pọ́ọ́kú. Ó dára fáwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìyá tó ń yan gàrí kò sí nínú rẹ̀.

Àwáwí pé ẹ̀rọ wọ́n ti ń tán nílẹ̀. Láti 1999 tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mark Spencer, ti kọ Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, kọ̀ǹpútà lásán ti lè ṣe iṣẹ́ PABX. Alákòóso ni kò sí. Wọ́n á gbé iṣẹ́ fún kọngílá, kọngílá á fa waya, á gbé tẹlifóònù sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ya fọ́tò, á lọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ èyí tó bá ẹ̀rọ dé láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, tí gbogbo ayé ti mọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ làwọn gbájú-ẹ̀ ń wá káàkiri àgbáyé: wọ́n á gba ọ̀nà jíjìn wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi láìnì oníláìnì pe òkè òkun títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ibi tí ẹnìkan ti ń ka àkọsílẹ̀ ìpè láràárọ̀ ni wọ́n ti ń tètè mọ̀.

Òjò náà ní tirẹ̀. Àrá á sán, káàdì inú PABX á jó, láìnì mẹ́jọ á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Eku á gé waya jẹ lókè àjà. Iná á lọ, bátìrì tí kò sẹ́ni tó bójú tó á kọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ju agbára ẹni tó mọṣẹ́ lọ: kí waya tó ń gbé agbára àrá wọlẹ̀ dúró dáadáa, kí wọ́n dí ihò eku, kí wọ́n máa yẹ bátìrì wò lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹnìkan, kó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ náà lónìí? A kò ní padà sídìí okùn àti ihò, kò sì pọn dandan. Mọ́níyà ni ọ́fíìsì kánsù Akínyẹlé wà, Ìyànà Ọ̀fà ni ti Làgelú, Àkànrán ni ti Ọ̀nà-Àrà, Ẹ̀gbẹ́dá ni ti Ẹ̀gbẹ́dá. Abúlé tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀, ọ̀nà wọn sì gùn. Fún irú ibi báyìí, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi orúkọ ọ́fíìsì gbà yóò wúlò ju ọgọ́rùn-ún fóònù àpò lọ. Kó wà lórí tábìlì. Kí èèyàn méjì máa gbà á fún ara wọn, kí àìsàn ọ̀kan má baà pa á. Kí wọ́n dán an wò láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ kan lọ síbòmíràn, kí alákòóso yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó gbé e kí èèyàn ní Yorùbá, kó dárúkọ ọ́fíìsì, kó dárúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà náà sára ògiri nídìí ọjà, níbi tí wọ́n ti ń ka ti Bọ̀dá Ilẹ̀ jáde báyìí.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fún wa tí a kì í lò. Gbogbo wa la mọ fíláàṣì: ẹni tí káàdì rẹ̀ ń tán lọ á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, á gé e, á máa retí kí wọ́n pe òun padà. Láàárín ẹbí, a mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní ìwọ̀sí ni. Ní tèmi, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ń kọ gbogbo nọ́ńbà tó pè tí wọn ò gbé. Bí alákòóso bá fi wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ pè wọ́n padà, owó tí ọ́fíìsì máa ná yóò kéré gan-an sí owó mọ́tò tí àwọn yẹn ì bá san.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé oníbodè náà á tún hu ìwà àtijọ́, ẹ̀rù wọn tọ́. Ìwé ló ń ṣọ́ oníbodè. Ìwé àtijọ́ tó ń ka iye ìṣẹ́jú, owó ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ aráàlú. Èyí tí mò ń wí, òpó mẹ́fà ni kí wọ́n fi rúlà là sójú rẹ̀: ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó pè, ibi tó ti pè, ohun tó fẹ́, èsì. Òpó márùn-ún àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ẹ̀kẹfà ló máa ń ṣófo. Kó jẹ́ òfin pé ìlà tí òpó kẹfà rẹ̀ bá ṣófo títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un kọ sókè ojú ewé ọjọ́ kejì, kí iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó pè láti Ìrókò ní ọjọ́ Ajé nítorí ìsọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà lókè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á tún wà lókè ní Ọjọ́rú. Alákòóso á máa rí i, ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé náà á máa rí i, títí wọn ó fi rí nǹkan kọ síwájú rẹ̀. Kò sì ní láti mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.